Funfun tí ó Yọ lábẹ́ Búlúù Ọkọ̀ Àna Wa

Fadékẹ́mi Àníkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Mi ò mọ ibi tí ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Láti Ṣàngó níbí dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Ijoko, ọkọ̀ kan péré ni, kò sì sí ohun tó ní kí n má dìde wá bá ọ sọ ọ́ lójúkorojú. Ẹnu mi ni kò gbé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wọ bàtà, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo tún bọ́ ọ sílẹ̀. Ìyá rẹ ní bóyá orúnkún ló ń dùn mí. Orúnkún kọ́. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí tí mo mú bírò lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ náà mọ̀ pé ọwọ́ mi mọ bí a ti ń fọ́n ọ̀dà sára ọkọ̀ ju bí a ti ń kọ̀wé lọ. Bí o bá rí ibi tí ìwé yìí wọ́, fi ojú fò ó.

Háà! Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn ni ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo ṣí i, mo rí ọkọ̀ Bàbá Kúnlé, ọkọ̀ bàbá ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ, tí o ní o fẹ́ bá wọn fi pólíìṣì mú dán kí ọjọ́ ìdána tó pé. Mo rí etí bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tí màṣíìnì tí o fi ń pólíìṣì ti jẹ búlúù tán tí funfun yọ síta. Mo ní, ó ṣe o, irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Mo wá fi ìka méjì fa àwòrán náà kí ó tóbi. Lára fẹ́ńdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, fíílà tí a fi ń dí ojú ibi tí irin bá ti tẹ̀ ti ṣí kúrò díẹ̀, etí nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan sì yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Fadékẹ́mi, mo kígbe! Ìyá rẹ sáré jáde láti ilé ìdáná, ó rò pé ejò ni mo rí. Mo ní kò sí nǹkan. Irọ́ ni mo pa fún un. Mo mọ nẹ́ẹ̀tì yẹn. Ojú fèrèsé yàrá wa ni mo ti gé e.

Kò pẹ́ tí o fi pè mí. O ń sunkún débi pé mo ní láti gbé fóònù kúrò létí díẹ̀. O ní, "Dádì, mo ti ba ọkọ̀ wọn jẹ́. Màmá Kúnlé ní ṣé irú iṣẹ́ tí yunifásítì kọ́ mi nìyí. Wọ́n ní ọmọbìnrin tó gbé màṣíìnì dání bí ọkùnrin, kí làwọn tiẹ̀ ń retí tẹ́lẹ̀. Dádì, mi ò lè dé ilé yẹn mọ́. Ẹ bá mi dá ìdána yẹn dúró. Màṣíìnì yẹn gan-an, mo máa tà á." Èmi bàbá rẹ wá dáhùn pé kí ni? Mo ní, "Mo gbọ́. Fara balẹ̀." Mo pa fóònù. Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ó yà mí lẹ́nu pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ti ẹnu mi jáde. Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ kọ́ ló ba ọkọ̀ yẹn jẹ́. Ọwọ́ mi ni.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí mo kúrò ní Ìkìrun wá sí Ọ̀tà, lébìrà ni mo kọ́kọ́ ṣe ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fóòmù, kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ péńtà. Nígbà tí o fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rin, mo ti ní àyè tèmi lẹ́bàá títì. Ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀ṣì ń yọ ní gbogbo àdúgbò, tí wọ́n ń kọ́ yunifásítì sórí ilẹ̀ tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń ra ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó máa ra ọkọ̀ tí kò ní kọ́kọ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìyàsímímọ́. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dán lọ́jọ́ yẹn. Àwa péńtà Ṣàngó kì í nàró ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. A tilẹ̀ ní orúkọ tí a ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ara wa: iṣẹ́ Sunday. Ó máa dán lọ́jọ́ Àìkú, bí ó bá di Àìkú kejì, ojú rẹ̀ á là. A ó sì máa rẹ́rìn-ín! Mo rántí ẹ̀rín yẹn báyìí, ojú ń tì mí.

Ọjọ́bọ̀ kan ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wa ọkọ̀ funfun kan dé. Òógùn bò ó. Fẹ́ńdà ọ̀tún ti ká wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú eruku.

"Ọ̀gá péńtà, ẹ gbà mí. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi lọ ra mọ́tò yìí. Wọn ò tíì fojú kàn án. Mo gbá a lọ́nà. Ọjọ́ Sunday ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo ní, "Sunday wo?"

"Sunday yìí náà ni sà. Ẹ kun gbogbo ara ẹ̀ ní búlúù. Mo máa sọ fún wọn pé mo dìídì ní kí wọ́n kùn ún ni, pé búlúù ló yẹ àgbà ìjọ."

Mo wo fẹ́ńdà yẹn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni. Ó yẹ kí n sọ fún un pé kò ṣeé ṣe, kó lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí, ìgbéraga sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní péńtà tí kì í kọ iṣẹ́. Mo ní, "Kò sí wàhálà."

Mo lu irin yẹn dé ìdajì, mo fi ìyókù sílẹ̀. Ihò wà níbẹ̀ tí fíílà kò lè dúró lé, mi ò sì ní wáyà tí mo lè tẹ́ sí i. Mo sáré lọ sílé, mo gé igun nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, mo tẹ́ ẹ síbẹ̀, mo lẹ fíílà mọ́ ọn. Páráímà tó yẹ kí n kọ́kọ́ fi kùn ún kí ọ̀dà lè di ara mú, mi ò fi kùn ún. Mo bu tíńà sínú búlúù títí ó fi ṣàn bí omi. Kílíà, èyí tí a máa ń fọ́n gbẹ̀yìn tí kì í jẹ́ kí oòrùn àti ọwọ́ kan ọ̀dà, mi ò tilẹ̀ ṣí agolo rẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ Sunday, mo rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, mo kán òróró ẹ́ńjìnì díẹ̀ sí i, mo nu ọkọ̀ náà yípo. Ó dán! Ọmọ mi, ó dán tí èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀fọn jẹ ọ́ lápá títí apá fi wú. Ìyá rẹ ní ta ló gé nẹ́ẹ̀tì. Mo ní eku ni. Ó wo bí ó ti gún régé, ó ní, "Eku wa ti wá ní sísọ́ọ̀sì." Mo rẹ́rìn-ín, mo jáde.

Mo lọ sí ìsìn yẹn. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i. Pásítọ̀ da òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìjọ ń kọrin, ẹ̀yìn nìkan ni mo rí lára ẹni tó ni ọkọ̀, pẹ̀lú agbádá funfun gbàgẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí dìde, èmi dìde! Mo ní Ọlọ́run ló fún mi ní ọgbọ́n ọwọ́, pé iṣẹ́ ọwọ́ mi wà níta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sí mímọ́. Wọ́n ké halelúyà. Mi ò padà sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà, nítorí ẹ̀rù ọjọ́ tí ọ̀dà yẹn máa bó ń bà mí. Mi ò mọ orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀. Nígbà tí àwọn àna wa wá fún mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, bọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn wọ̀ wá, ta ni ìbá sì fi ẹ̀yìn dá ènìyàn mọ̀ lẹ́yìn ogún ọdún? Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè ra ọkọ̀ kó máa tì í mọ́ inú gáràjì, kó da aṣọ bò ó, kó jẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún nìkan ni yóò máa gbé e jáde. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀dà mi ìbá ti sọ tẹnu rẹ̀ tipẹ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ tèmi wá bá a lọ́wọ́ ọmọ mi.

Jẹ́ kí n wá gbà ọ́ nímọ̀ràn bí bàbá ti ń ṣe, kí ìtìjú tó pa mí lẹ́nu mọ́.

Èkíní, ọ̀rọ̀ páàdì tí a ń fi sẹ́nu màṣíìnì. Páàdì onírun wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ́ tí ẹ ń pè ní máíkírófáíbà yẹn kò sí láyé ìgbà tèmi. Irun àgùntàn àti àkísà la mọ̀. Mo ti wò ó lọ́wọ́ rẹ, mo sì mọ̀ pé ó máa ń jẹ ọ̀dà ju páàdì fóòmù lọ, ó kàn fi rírọ̀ tan ènìyàn jẹ ni. Má gbé e kalẹ̀ láé ní Ọ̀tà níbí, níbi tí tírélà àwọn ilé iṣẹ́ ti ń da eruku lù wá tọ̀sán tòwúrọ̀. Hóró iyanrìn kan tó bá kó sínú irun rẹ̀ máa fa ìlà róbótó róbótó sára ọkọ̀ dúdú, ìgbà tí oòrùn bá kàn án lẹ máa tó rí i. Bó bá bọ́ sílẹ̀, mú òmíràn. Ìwọ tí o ka kẹ́míísírì, o mọ èyí jù mí lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn ò kọ́ ọ níbẹ̀. Kí o tó tan màṣíìnì, fi aṣọ funfun kan mú pólíìṣì díẹ̀, kí o fi ra ibi tó bá pamọ́ lára ọkọ̀. Bí aṣọ bá mú àwọ̀ ọkọ̀, kò sí kílíà lórí ọ̀dà yẹn, ọ̀dà fúnra rẹ̀ lo ń họ. Dúró. Nígbà tí o tún pè mí lọ́jọ́ Àìkú, o sọ fún mi pé páàdì ti ń di búlúù láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà náà o rí i! Mo bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò dúró, o ní, "Wọ́n gbé àga síwájú mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè mí ní ìyàwó wa. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún bàbá tó tó bẹ́ẹ̀ pé ọ̀dà mọ́tò wọn ò dáa?"

Yéè! Mo sọ fún ọ, gbólóhùn yẹn bà mí lẹ́rù ju nẹ́ẹ̀tì lọ. Àìsàn tèmi gan-an ni. Èmi ò lè sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé ọjọ́ méjì kò tó, ìwọ ò lè sọ fún àgbà kan pé páàdì rẹ ń di búlúù. Mo kọ́ ọ láti kúnlẹ̀, mo kọ́ ọ pé kí o má gbó àgbà lẹ́nu, ìyá rẹ náà kọ́ ọ. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó kọ́ ọ pé ènìyàn lè wà lórí ìkúnlẹ̀ kó sì sọ òótọ́. Nítorí náà, mo ń kọ́ ọ báyìí, bó tilẹ̀ pẹ́. Kúnlẹ̀, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n dá iṣẹ́ yìí dúró ná, nǹkan kan ń ṣe ọ̀dà yìí." Kò sí àrífín níbẹ̀. Bí o bá sì dé ilé ọkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni kí o ṣe. Bí inú bá bí ọ sí Kúnlé, má fi ẹ̀rín kùn ún. Sọ fún un pé inú bí ọ, kí o sọ ohun tó fà á, kí ẹ jọ jẹun lẹ́yìn náà.

Èkejì, etí. Ọ̀dà kì í nípọn létí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti létí ilẹ̀kùn. Lẹ téèpù mọ́ ibẹ̀, kí o sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi lù mí ní ìkó lórí nítorí pé mo tẹ ọwọ́ mọ́ etí ilẹ̀kùn títí irin fi yọ. Mo rò pé agbára ni iṣẹ́.

Mo ti fẹ́ máa kọ ẹ̀kẹta nípa oòrùn àti omi tí a fi ń fọ páàdì. Mo dúró. Mo rí i pé mo ń sá fún ọ̀rọ̀ ni.

Lánàá, Ọjọ́rú, mo lọ sí ilé Bàbá Kúnlé ní Ìjù. Mi ò sọ fún ìyá rẹ. Bàbá Kúnlé gbà mí tọ̀yàyà tọ̀yàyà, wọ́n ti ń pè mí ní àna wọn kí n tó jókòó. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n mú mi lọ sí ibi tí ọkọ̀ wà. Wọ́n ṣí aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Mo ṣí fìlà, mo gbé ọwọ́ lé fẹ́ńdà yẹn, mo ní, "Bàbá Kúnlé, ọwọ́ èmi ló ṣe èyí." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí àbúrò wọn dé orí nẹ́ẹ̀tì, kẹrosíìnì, ẹ̀rí tí mo jẹ́, àti fọ́tò tí mo fi dá ọkọ̀ náà mọ̀.

Wọ́n lóṣòó, wọ́n fi ìka kan fa etí nẹ́ẹ̀tì yẹn díẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé àbúrò wọn yẹn, Jídé, ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Òun ló máa ń bá mi fọ mọ́tò yìí. Gbogbo àjọ̀dún ló máa ń wá. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Mo rò pé ìfẹ́ ló fi ń ṣe é." Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì. "Kí ló dé tí kò sọ fún mi? Ṣé mo máa pa á ni?"

Mo ń retí pé kí wọ́n bú mi, mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ohun tí wọ́n wá bi mí ni mi ò múra sílẹ̀ fún.

Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo lẹ rí fọ́tò yẹn?"

Mo ní, "Ọjọ́ Sátidé, sà."

"Tòní ti jẹ́ ọjọ́ wo?"

"Wednesday, sà."

Wọ́n nàka sílẹ̀. "Ọmọ yín kúnlẹ̀ sórí kọnkéré yìí lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní, 'Bàbá, ọwọ́ mi ló ba nǹkan yín jẹ́, ẹ má bínú.' Ìyàwó mi sọ̀rọ̀ burúkú sí i, èmi náà ò dá a lẹ́kun, nítorí inú ń bí mi. Ẹ̀yin ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn? Ẹ wá fi í sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀?"

Mo ní, "Mo jẹ̀bi, ẹ forí jì mí."

Wọ́n ní, "Ti mọ́tò, mo ti gbọ́. Mọ́tò ni. Ìdána ò yẹ̀ lọ́jọ́ rẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi máa wá bá ọmọ náà ní Ijoko, a máa fẹnu wa bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ èmi kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá bẹ̀, Bàbá Fadékẹ́mi. Ẹ ti ṣìnà ilé."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Ìjù dé títì. Mi ò rántí pé ọ̀kadà wà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi wà lọ́jà, mo sì fojú ara mi rí orí ọmọ mi tó wọ́, mo gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ti ogún ọdún sẹ́yìn, mo lè ní ọmọdé ló ń ṣe mí. Ti ọjọ́ mẹ́rin yìí ńkọ́? Irùngbọ̀n funfun yìí náà ló ṣe é. Ẹ̀rù ló bà mí. O kọ "Ọmọ Péńtà" gàdàgbà sójú pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ, mo sì rò ó pé bí o bá mọ̀, o máa lọ kùn ún pa. Nítorí ìyẹn, mo jẹ́ kí o máa sunkún nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Níbi tí wọ́n ti bí mi, bàbá kì í bẹ ọmọ. Bí bàbá mi bá ṣẹ̀ mí, wọ́n á pè mí wá jẹ ẹran inú àwo wọn, n ó sì ti mọ̀ pé ó ti parí. Mo ti rò ó láti ra ẹran kan fún ìyá rẹ kó gbé e wá fún ọ. Ọmọ mi, ẹran kò lè sọ èyí.

Má ta màṣíìnì rẹ. Ọwọ́ rẹ mọ́, iṣẹ́ rẹ dára, iṣẹ́ tèmi ni kò dára. Fadékẹ́mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ